Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Dá Ìwádìí Dúró? Ìfiwéra Àwọn Òdiwọ̀n Tí A Lè Yàn

Ní oṣù Kàrún ọdún 2001, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan, tí ara rẹ̀ yá gágá, fa oògùn kan tí ń jẹ́ hexamethonium símú ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, nítorí pé ó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí kan lórí ikọ́ fée. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì jáde láyé. Dókítà tí ó darí ìwádìí náà kò ṣàì wá ìmọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì wá inú PubMed, ìyẹn àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni àkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn àpilẹ̀kọ tí ó so hexamethonium mọ́ ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ti jáde. Ibi tí àkójọ náà pin sí ni ìwádìí òun náà pin sí.

Mo fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣíwájú nítorí pé ó fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí. Bí a bá ń wádìí, ìbéèrè méjì ni ó máa ń dúró níwájú wa, a sì sábà máa ń dáhùn wọn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Èkíní ni pé, ṣé ó yẹ kí n fi orísun ìmọ̀ yìí sílẹ̀? Èkejì ni pé, ṣé ó yẹ kí n dá ìwádìí náà dúró pátápátá? Orísun kan lè má ní ohun tuntun kankan láti fún wa mọ́, kí ó sì jẹ́ pé ìwádìí kò tíì dé ìdajì. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere kan, dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, èyí tí a mọ̀ sí Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, yóò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ìlú náà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1867. Kì í ṣe ìlú ni ó dákẹ́. Ìfọ́lé ọdún yẹn, tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, ni ó fòpin sí ìwé ìròyìn náà.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń fi àwọn òdiwọ̀n wọ̀nyí wé ara wọn, mo ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: èwo nínú ìbéèrè méjèèjì ni ó lè dáhùn?

Àtòkọ àti àwòrán inú ọkàn

Ní ọdún 2004, Glenn Browne àti Mitzi Pitts tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bi oníbàárà léèrè ohun tí ó ń fẹ́ kí wọ́n tó ṣètò ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún un: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìbéèrè ti tó? Nínú àwọn òdiwọ̀n tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, méjì wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wádìí ohunkóhun rí yóò dá mọ̀. Ọ̀kan ni àtòkọ: mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀, mo ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá pé, mo dúró. Èkejì ni àwòrán inú ọkàn: mo ń kà, mo ń gbọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́kàn mi sì ń yí padà, nígbà tí kò bá yí padà mọ́, mo dúró.

Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni àtòkọ yẹ jù lọ. Ó mọ̀ pé òun nílò ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, bí ó bá ti ní ìjàǹbá rí, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe rí lójú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á, àti iye tí irú rẹ̀ ń lọ níbòmíràn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ìwádìí kò tíì parí, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó, bí ó sì ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń tà á dùn tó. Agbára àtòkọ nìyí: kì í jẹ́ kí àárẹ̀ tàbí ìkánjú pinnu fún wa. Àìlera rẹ̀ ni pé ohun tí a bá ti mọ̀ láti béèrè nìkan ni yóò bá wa wá. Àtòkọ kì í béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Àwòrán inú ọkàn wúlò níbi tí a kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, tí ó sì fẹ̀ tó. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdí tí ìlú méjì fi ń jà lórí ilẹ̀ kan kò lè kọ àtòkọ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, nítorí pé kò tíì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé nínú gbogbo òdiwọ̀n tí mo mọ̀, èyí ni ó rọrùn jù láti fi tan ara ẹni jẹ. Àwòrán lè dúró gbọn-in nítorí pé ó pé, ó sì tún lè dúró gbọn-in nítorí pé a ti fẹ́ràn rẹ̀, tí a kò sì ka ohunkóhun mọ́ bí kò ṣe èyí tí ó bá a mu. Ìtẹ́lọ́rùn tí a óò ní nínú ọkàn kò yàtọ̀ ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó kọ́kọ́ fi wákàtí kan péré wá ohun tí ó lè ba àwòrán náà jẹ́: kí ó lọ bá ẹni tí ó wà ní apá kejì, kí ó ka ẹni tí kò gbà. Bí àwòrán náà bá ṣì dúró lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ìdí láti gbà á gbọ́.

Èyí tí ó tó àti èyí tí ó dára jù lọ

Herbert Simon, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní ọdún 1978, kọ ọ́ ní ọdún 1956 pé ẹ̀dá alààyè kì í wá èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé, nítorí pé kò ní agbára tàbí àkókò láti yẹ gbogbo wọn wò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ní ìwọ̀n kan lọ́kàn, èyí àkọ́kọ́ tí ó bá sì dé ìwọ̀n náà ni yóò mú. Bí ó bá ti wá títí tí kò rí, yóò rẹ ìwọ̀n náà sílẹ̀ díẹ̀; bí ó bá sì ń rí púpọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò gbé e sókè.

Àwọn kan gbà pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 2006, Sheena Iyengar, Rachael Wells àti Barry Schwartz tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń wá iṣẹ́ ní ìgbà tí wọ́n fẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tí kò lè dúró àfi kí wọ́n rí èyí tí ó dára jù lọ rí iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn sí iṣẹ́ náà tó ti àwọn tí ó mú èyí tí ó tó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jèrè nǹkan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì pàdánù nǹkan, nítorí náà kí olúkúlùkù mọ èyí tí òun lè fara mọ́.

Ohun tí mo rọ̀ mọ́ ni pé kí a kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò pè ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà tí ó rẹ̀ ẹ́ ní «èyí tí ó tó».

Nígbà tí ohun tuntun kò bá wọlé mọ́

Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò ni ó ni òdiwọ̀n yìí. Barney Glaser àti Anselm Strauss ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1967: tí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá ń sọ ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti sọ, tí kò sì sí ohun tí ó kún òye wa mọ́, ó tó àkókò láti dúró. Òdiwọ̀n yìí dára púpọ̀, ó sì tọ́, nítorí pé kò fi iye kankan ti ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ohun tí a gbọ́ gan-an ni ó ń pinnu.

Àmọ́ a ti sọ ọ́ di iye. Ní ọdún 2006, Greg Guest, Arwen Bunce àti Laura Johnson padà sórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 tí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin ní orílẹ̀-èdè Ghana àti Nàìjíríà, wọ́n sì wò ó pé ibo ni ohun tuntun ti tán. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn 12 àkọ́kọ́ ni ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àti pé nígbà tí wọ́n fi dé orí ẹnì kẹfà, àwọn kókó tí ó gbòòrò jù lọ ti fara hàn. Láti ìgbà náà ni iye 12 ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i nínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́, àwọn òbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu wò, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà kọ̀ọ̀kan, tí ó sì kọ ọ́ pé òun ti dé 12. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ ọ́ pé àwọn obìnrin tí àwọn bá sọ̀rọ̀ jọ ara wọn, àti pé ìbéèrè kan náà ni àwọn bi gbogbo wọn. Níbi tí àwọn ènìyàn bá ti yàtọ̀ síra, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní 12 tirẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fi èyí wé àtòkọ. Àtòkọ lè sọ fún wa pé ohun kan ṣì kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ohun kan wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Òdiwọ̀n yìí lè mú ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa pé a kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá bi àwọn ọkùnrin ọjà 20 léèrè nípa owó ìlú, tí gbogbo wọn sì sọ ohun kan náà, ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí àwọn ọkùnrin ọjà ń sọ. Dókítà ọdún 2001 yẹn ì bá wá inú PubMed nígbà ogún sí i, ohun kan náà ni yóò máa jáde sí i, ìyẹn yóò sì máa fún un ní ìdánilójú tí kò ní ìpìlẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ni òdiwọ̀n yìí lè dáhùn, àfi bí a bá ti rí i dájú pé àwọn tí a bi léèrè wá láti ìhà gbogbo.

Èrè ibí àti èrè ibòmíràn

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún pípinnu ìgbà tí a ó kúrò lórí orísun kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wo bí ẹranko ṣe ń wá oúnjẹ ni ó ti wá. Eric Charnov ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1976, lẹ́yìn náà ni Peter Pirolli àti Stuart Card, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní California, lò ó ní ọdún 1999 láti fi ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń wá ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ń ṣa àgbálùmọ̀ tí ó já bọ́ lábẹ́ igi. Ní àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣí ewé kí ó tó rí ọ̀kan. Kò yẹ kí ó dúró títí èyí tí ó kẹ́yìn yóò fi tán, nítorí pé igi mìíràn wà lọ́ọ̀ọ́kán tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé abẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó yẹ kí ó kúrò ni ìgbà tí ohun tí ó ń rí níbí láàárín ìṣẹ́jú kan bá ti kéré sí ohun tí ì bá máa rí ní ìpíndọ́gba láàárín ìṣẹ́jú kan bí ó bá ń lọ láti igi sí igi, tí a bá ka àkókò tí yóò fi rìn mọ́ ọn. Níbi ìrìn yẹn ni ọgbọ́n òdiwọ̀n náà wà. Bí igi kejì bá jìnnà, ó yẹ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti san owó ọkọ̀, tí ó sì ti dúró kí wọ́n gbé fáìlì jáde fún un, kò gbọdọ̀ dìde nítorí pé fáìlì kejì àti ẹ̀kẹta kò ní ohun púpọ̀ nínú. Ibòmíràn jìnnà. Kí ó jókòó, kí ó ka fáìlì tí ó tún kù, kí ó sì ya àwòrán èyí tí wọ́n bá gbà á láyè láti yà. Ẹni tí ó wà lórí fóònù ń kọ́? Ọ̀nà tí ó lọ sí ojú ewé mìíràn kò ju kí ó fi ìka tẹ nǹkan. Òun kò ní ìdí láti máa ka ojú ewé tí kò mú ohun gidi wá láàárín ìpínrọ̀ méjì. Àwọn àgbà máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí pé wọn kì í farabalẹ̀ ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí a bá fi òdiwọ̀n yìí wò ó, kíkúrò kíákíá níbi tí ìrìn kò ti ná ni ní nǹkan kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kí a gbé irú ẹsẹ̀ yẹn wọ inú ilé ìkówèésí.

Ohun tí òdiwọ̀n yìí kò lè ṣe ni láti mọ bí ohun tí a rí ṣe wúwo tó. Ó ń ka iye, ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ àpótí lè ju ọgọ́rùn-ún tí ó wà lókè rẹ̀ lọ. Kò sì lè sọ fún wa ìgbà tí gbogbo ìwádìí ti tó. Igi mìíràn ni yóò ṣáà máa tọ́ka sí.

Ìdá 37, àti aago

Àwọn kan ti gbọ́ nípa òfin ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún: kí a wo ìdá 37 àkọ́kọ́ láì mú èyíkéyìí, lẹ́yìn náà kí a mú èyí àkọ́kọ́ tí ó bá dára ju gbogbo wọn lọ. Ìṣirò òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe kìkì níbi tí a bá ti mọ iye tí ó wà, tí wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èyí tí a bá sì kọ̀ kò ní padà mọ́, bí ilé tí àwọn ẹlòmíràn ń dù láti gbà. Ìwé tí a kà lánàá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Nítorí náà òfin yìí kò bá wíwá ìmọ̀ mu, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó fún un.

Aago, owó àti dátà ni wọ́n ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ ìwádìí dúró ní òtítọ́. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí a bá ti lè sọ ọ́ gbangba pé àkókò ni ó tán, kì í ṣe ìbéèrè ni ó tán.

Ta ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó?

Ọ̀nà kan wà nílẹ̀ wa tí ó dáhùn èyí kí àwọn onímọ̀ tí mo dárúkọ wọ̀nyí tó dé. Ẹni tí ó lọ dá Ifá máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, kò sì ní sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún babaláwo. Babaláwo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kan nínú odù 256 yóò jáde, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ki àwọn ẹsẹ tí ó mọ̀ nínú odù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wá náà ń gbọ́. Nígbà tí ẹsẹ kan bá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni yóò dá a mọ̀, orí ẹsẹ yẹn sì ni wọn yóò dúró lé. Ẹni tí ó ni ìmọ̀ kọ́ ni ó ń dá ìwádìí dúró. Ẹni tí ó ni ìṣòro ni.

Lónìí, a ti gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹ̀rọ. A tẹ ìbéèrè, ẹ̀rọ kó ìdáhùn kan jọ sókè ojú ewé, ó sì kọ ọ́ ní gbólóhùn tí ó já gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ìwádìí ti parí. Dídán gbólóhùn kò sí nínú àwọn òdiwọ̀n tí mo ti fi wéra láti òkè wá. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó mú kí a dúró, a kò tíì yan òdiwọ̀n kankan.

Èwo ni kí a yàn?

Ohun tí mo fi ń pinnu ni pé: bí mo bá ṣìnà, kí ni yóò ná mi, ta ni yóò sì san án? Fún fóònù, aṣọ tàbí ilé oúnjẹ, èyí tí ó tó ti tó, kí a má fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ṣòfò. Fún ọkọ̀ àti ilẹ̀, àtòkọ ni, kí ẹni tí ó ti ra irú rẹ̀ rí sì bá wa kà á wò kí a tó jáde. Fún iṣẹ́ àṣekágbá, èrè ibí àti ibòmíràn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa kúrò lórí orísun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dúró pátápátá nígbà tí ohun tuntun kò bá wọlé mọ́ láti ìhà gbogbo tí ó ti kọ sílẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ ara àti ẹ̀mí, n kò gbà kí àwòrán inú ọkàn ẹnikẹ́ni pinnu. Àjọ Cochrane, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa kó àbájáde ìwádìí ìṣègùn jọ, ní kí a kọ orúkọ àwọn àkójọ tí a ó wá inú wọn sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti pé kí wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Àtòkọ ni, ṣùgbọ́n àtòkọ orísun ni, kì í ṣe ti ìbéèrè nìkan. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe èyí ní kékeré kí a tó fún ọmọ ní oògùn tuntun: ìwé tí ó wà nínú páálí, ẹni tí ń ta oògùn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ó mọ àìsàn ọmọ náà.

Èyí tí ó le jù ni wíwá ìran ẹni. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Bahia ní Brazil ti gbọ́ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, Rui Barbosa tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó pàṣẹ pé kí wọ́n sun àwọn ìwé oko ẹrú tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìbọmi wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ogún àti ìwé òmìnira sì wà lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé àdéhùn. Àṣẹ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú irú ìwádìí yìí, tí ó lè ju ọjọ́ ayé ẹnì kan lọ, òdiwọ̀n kan ṣoṣo tí mo lè dá lábàá ni pé kí ẹni tí ó bá dúró kọ ibi tí ó dúró sí sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀: orúkọ orísun, ọdún tí orísun náà bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ó parí, orúkọ tí ó fi wá a àti gbogbo ọ̀nà tí ó gbà kọ orúkọ náà, ojú ewé tí ó kà kẹ́yìn, àti, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tíì dé.